Fọ́nrán wo ló yẹ ká lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ọrun?

Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ́ ọrun onígi tán, ẹ̀rù kan ṣoṣo ló máa ń bà á: kó má lọ ṣẹ́ mọ́ òun lọ́wọ́. Ibẹ̀ ni yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ohun tó lè lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹnì kan á ní iṣan ẹ̀yìn ẹsẹ̀ màlúù ni baba gbogbo wọn. Ẹlòmíì á ní aṣọ ọ̀gbọ̀, ìyẹn línẹ́ẹ̀nì. Ẹlòmíì á ní awọ ewúrẹ́ ló dára jù. Kò sí irọ́ nínú ọ̀rọ̀ wọn, àmọ́ ohun tó ń da orí ẹni tó ń béèrè rú ni pé iṣẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń sọ bí ẹni pé ọ̀kan ni. Iṣẹ́ kan ni kí ohun tí a lẹ̀ di igi mú, kí ẹ̀rún má baà gbéra lára rẹ̀. Iṣẹ́ kejì ni kó bá igi pín ẹrù tó ń gbé. Ohun tó mọ iṣẹ́ kìíní ṣe lè má mọ ìkejì rárá. Èyí tó sì lágbára jù nínú ìkejì lè ba ọrun jẹ́. Mo ti fi ọwọ́ ara mi ba ọ̀kan jẹ́ bẹ́ẹ̀, màá dé orí ìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ orúkọ ara ọrun, torí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Bí ẹ bá di ọrun mú, tí ẹ fa ọsán rẹ̀ wá sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, ojú tó ń wò yín ni ikùn. Ojú tó ń wo ibi tí ọfà ń lọ ni ẹ̀yìn. Bí ọrun ṣe ń tẹ̀, ẹ̀yìn ń nà, ikùn ń fún pọ̀. Ẹ gé fóòmù bẹ́ẹ̀dì bíi gígùn ìgbọ̀nwọ́ kan, ẹ fi bírò fa ìlà wẹ́wẹ́ dábùú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹ wá tẹ̀ ẹ́ bí ọrun. Ẹ ó rí i pé àwọn ìlà náà jìnnà síra lápá òde, wọ́n sì sún mọ́ra lápá inú. Ní àárín, wọ́n wà bí wọ́n ṣe wà. Àárín igi kì í ṣe iṣẹ́ kan tó pọ̀. Awọ òde níhà méjèèjì ni gbogbo wàhálà wà. Ìdí nìyẹn tí ohun tín-ín-rín tí kò nípọn ju ìwé bébà mẹ́ta mẹ́rin lọ fi lè yí ìwà ọrun padà tó bá jẹ́ ẹ̀yìn ni a lẹ̀ ẹ́ mọ́.

Ohun kan tún wà tí ó yẹ kí ẹni tó ń gbẹ́ ọrun mọ̀ kó tó náwó. Igi tí ìlà rẹ̀ gún láti orí dé ìdí, tí kò ní kókó, lágbára nínú nínà ju bó ṣe lágbára nínú fífún pọ̀ lọ, ó tó nǹkan bí ìlọ́po méjì. Ìyẹn ni pé bí igi bá dára, ikùn ni yóò kọ́kọ́ kú, ẹ̀yìn kọ́. Irú igi bẹ́ẹ̀ kò nílò kí a lẹ ohunkóhun mọ́ ọn. Ọkọ̀ ojú omi Mary Rose, tó rì sí etíkun Gẹ̀ẹ́sì ní 1545 tí wọ́n sì gbé jáde ní 1982, kó ọrun gígùn tó ju 130 lọ. Igi yew, igi kan tó ń hù nílẹ̀ òyìnbó, lásán ni gbogbo wọn. Àwọn tó gbẹ́ wọn fi igi funfun tó wà lábẹ́ èèpo sí ẹ̀yìn, torí ó mọ nínà, wọ́n fi igi pupa àárín sí ikùn, torí ó mọ fífún pọ̀. Igi fúnra rẹ̀ ti lẹ ara rẹ̀ kí àwọn tó bẹ̀rẹ̀.

Àmọ́ ta ni nínú wa ló ń rí irú igi bẹ́ẹ̀? Pátákó la ń rà níbi tí wọ́n ti ń la igi, ayùn ẹ̀rọ kò sì mọ ìlà igi. Bó bá ti ń bọ̀, gbogbo ohun tó bá wà níwájú rẹ̀ ló ń gé. Ẹ wo ẹ̀yìn pátákó dáadáa nínú oòrùn: ẹ ó rí i pé àwọn ìlà kan bẹ̀rẹ̀ láti àárín, wọ́n sì rìn jáde sí ẹ̀gbẹ́ kí wọ́n tó dé orí. Ibi tí ìlà ti jáde yẹn, orí fọ́nrán igi tí ayùn gé ló wà níbẹ̀, kò sí ohun tó so ó mọ́ èkejì rẹ̀ ju gọ́ọ̀mù inú igi lọ. Bí ẹ bá fa ọrun, ibẹ̀ ni ẹ̀rún á ti gbérí, bí èèpo ìka tó ń ya, tí a bá sì fà á lẹ́ẹ̀kan sí i, ó parí. Irú ọrun bẹ́ẹ̀ ni ohun tí à ń lẹ̀ wà fún. Ó tún wà fún ọrun tó kúrú tí a fẹ́ fà jìnnà, àti fún ibi tí kókó bá wà tí a kò lè yẹra fún.

Kókó ọ̀rọ̀ wá nìyí. Ọ̀pọ̀ ń fi bí fọ́nrán ṣe ṣòroó já yan fọ́nrán. Wọ́n á fà á láàárín ọwọ́ méjèèjì, tí kò bá já, wọ́n á ní ó dára. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ọrun onígi kì í nà ju nǹkan bí 1 nínú 100 lọ kí igi tó sọ pé ó tó. Kò sí fọ́nrán kan nínú àwọn tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa wọn tí yóò já níbẹ̀. Ohun tó yẹ ká béèrè ni pé: nígbà tí igi bá nà dé ìwọ̀n yẹn, báwo ni fọ́nrán yìí ti ń janpata tó, ìyẹn ni pé báwo ló ṣe ń kọ̀ láti nà tó? Bí èèyàn mẹ́ta bá jọ fi orí ru pákó kan, tí ẹni àárín ga ju àwọn tó kù lọ, orí ẹni tó ga ni ẹrù ń bà lé. Fọ́nrán tó le ju igi lọ ni ẹni gíga yẹn. Fọ́nrán tó rọ̀ ju igi lọ kàn fi ọwọ́ kan pákó ni, igi ló ń gbé e.

Fọ́nrán ọ̀gbọ̀ le ju igi lọ ní ìlọ́po mẹ́ta ó lé, kì í sì í nà ju nǹkan bí 2 tàbí 3 nínú 100 lọ kó tó já. Hẹ́ḿpù, fọ́nrán ewéko tí wọ́n fi ń ṣe okùn, náà fẹ́rẹ̀ẹ́ rí bẹ́ẹ̀. Júùtù, fọ́nrán àpò kòkó, kò le tó wọn, ṣùgbọ́n òun náà le ju igi. Òwú tiwa, èyí tí à ń ran, rọ̀ ju ọ̀gbọ̀ lọ dáadáa. Ṣẹ́dà lè nà tó nǹkan bí 20 nínú 100 kó tó já, iṣan ẹran tó nǹkan bí 10, iṣan sì rọ̀ gan-an lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi. Ẹ wò ó bí ìtò yìí ṣe yí padà: ohun tí gbogbo ayé ń pè ní alágbára jù, iṣan màlúù, ni kì í janpata tó nígbà tí igi bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í nà.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi nìyí. Pátákó arère ni mo fi gbẹ́ ọrun kan, nítorí pé ó fúyẹ́, kò sì wọ́n. Ẹ̀gbọ́n mi fi òwú ọ̀gbọ̀ ránṣẹ́ láti London, irú èyí tí àwọn tó ń rán ìwé pọ̀ ń lò. Mo tò ó sí ẹ̀yìn ọrun náà ní ìpele mẹ́ta, ó nípọn bí owó onírin, inú mi dùn. Nígbà tó gbẹ, tí mo kọ́ ọsán sí i, mo rí i pé ó ti le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo fà á bí ogún ìgbà, kò ṣẹ́, ẹ̀yìn ń dán bíi dígí. Ìgbà tí mo yí i padà ni mo rí ikùn rẹ̀: ìlà wẹ́wẹ́ dábùú, tínrín bí irun, mẹ́ta sókè ìdìmú, méjì nísàlẹ̀, ó dà bí awọ ìgbọ̀nwọ́ àgbàlagbà. Bí mo ṣe ń fi èékánná wa ojú ìlà kan, ó ń kọ́ èékánná. Fọ́nrán igi ló ti wó mọ́ra níbẹ̀. Mo tú ọsán, ọrun náà kò sì padà gún mọ́. Arère rọ̀, kò mọ fífún pọ̀ rárá. Mo ti gbé ẹni gíga kan lé e lẹ́yìn tí kò fẹ́ nà, gbogbo títẹ̀ wá kó sí ikùn lọ́rùn. Bí mo bá fi aṣọ ṣẹ́dà kan ṣoṣo bò ó ni, ìbá ṣì wà lónìí.

Nítorí náà, ikùn ni kí ẹ wò kí ẹ tó yan ohun tí ẹ máa lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn. Igi tó wúwo tó sì le lè gba ọ̀gbọ̀ mọ́ra. Igi fúfúyẹ́ kò lè gbà á, àfi kí a lẹ̀ ẹ́ ní ìpele kan ṣoṣo, kí a sì fá etí ẹ̀yìn wọlé kí ẹ̀yìn lè tínrín ju ikùn lọ, kí agbára rẹ̀ lè dínkù.

Aṣọ híhun àti fọ́nrán títò tún jẹ́ ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀. Ẹ mú aṣọ ọ̀gbọ̀, ẹ wò ó súnmọ́ra. Òwú kan ń lọ gbọọrọ, èkejì ń lọ dábùú. Èyí tó dábùú kò wúlò fún nínà ọrun. Èyí tó lọ gbọọrọ gan-an kò lọ tààrà: ó ń gba orí ọ̀kan, ó ń gba abẹ́ èkejì, ó ń rìn kọ́lọkọ̀lọ. Kí ó tó lè gbé ẹrù, ó ní láti kọ́kọ́ gún, igi sì ti nà tán kó tó gún. Ìdí nìyẹn tí aṣọ, ohun yòówù kí wọ́n fi hun ún, fi jẹ́ adènà ẹ̀rún ju agbẹ́rù lọ. Fọ́nrán tí a kò hun, tí a yà, tí a fi gọ́ọ̀mù tò sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn láti ìdìmú dé ṣóńṣó, òun ló ń gbé ẹrù láti ìṣẹ́jú àkọ́kọ́. Ọ̀gbọ̀ kan náà ni, iṣẹ́ méjì ló ń ṣe. Tí ẹ bá wá gbọ́ tí ẹnì kan ní ọ̀gbọ̀ ba ọrun òun jẹ́, tí ẹlòmíì ní kò ṣe nǹkan kan fún tòun, òótọ́ ni àwọn méjèèjì ń sọ.

Tó bá jẹ́ adènà ẹ̀rún lẹ ń wá, àpò kòkó tó wà nílé àgbẹ̀ tó. Júùtù ni wọ́n fi ń hun un, àti pé ọ̀kan nínú igi tí júùtù ti ń jáde ni ewédú tí à ń fi jẹ àmàlà. Èèpo ara pòpò rẹ̀ ni wọ́n ń rẹ sómi títí yóò fi jẹrà, tí fọ́nrán á sì jáde. Ìdí tí wọ́n fi ń ṣèwádìí lé júùtù àti kẹ́náàfù, ewéko mìíràn tó ní fọ́nrán bíi tirẹ̀, lórí ní iléeṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ IAR&T ní Moor Plantation, Ìbàdàn nìyẹn: ọ̀gbìn fọ́nrán ni wọ́n, yàtọ̀ sí pé wọ́n jẹ́ ẹ̀fọ́. Mo fẹ́ràn júùtù nítorí pé ó wà nítòsí. Àléébù rẹ̀ ni pé aṣọ rẹ̀ nípọn, ihò rẹ̀ fẹ̀, ó ń mu gọ́ọ̀mù bí ilẹ̀ gbígbẹ ṣe ń mu omi, gọ́ọ̀mù tó pọ̀ sì ń wúwo lórí ṣóńṣó ọrun, ọrun á wá máa lọ́ra. Ẹ tú òwú rẹ̀ kúrò nínú aṣọ, ẹ tú ìlọ́ rẹ̀, ẹ fi òòyà onígi ya irun rẹ̀ bí ẹni ń ya irun orí, ẹ sì tò ó gbọọrọ. Ọ̀tọ̀ ni bó ṣe máa ṣiṣẹ́.

Ṣẹ́dà ni mo máa ń sọ fún ẹni tó ń gbẹ́ ọrun fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó tín-ín-rín, kò wúwo, kò sì janpata, kò ní pa ikùn. Ó kàn ń di igi mú ni. Sányán àtijọ́ tí àwọn ará wa ń hun jẹ́ ṣẹ́dà igbó, inú ilé kòkòrò ni wọ́n ti ń fa òwú rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n ń pè ní sányán lọ́jà lónìí kì í ṣe òwú kòkòrò yẹn mọ́, èyí tó bá sì jẹ́ ojúlówó, ẹ má gé e lẹ̀ mọ́ ọrun o, ẹ fi jogún. Táì ọrùn àtijọ́ tàbí ìborùn ṣẹ́dà tó ti gbó ti tó fún ọrun.

Ṣùgbọ́n ọjà kún fún aṣọ tí orúkọ rẹ̀ kì í ṣe ohun tó jẹ́. Wọ́n lè kọ línẹ́ẹ̀nì sí i kó jẹ́ rọ́bà. Ẹ fa òwú méjì yọ létí rẹ̀, ẹ ṣáná sí i. Ọ̀gbọ̀ àti òwú tòótọ́ á jó bí ìwé, á sì fi eérú rírọ̀ sílẹ̀. Ṣẹ́dà á rùn bí irun tó jóná, iná rẹ̀ á sì tètè kú. Èyí tó bá yọ́, tó ká, tó di kókó dúdú líle, rọ́bà ni, gọ́ọ̀mù káfíńtà kì í wọ inú rẹ̀ dáadáa. Mo máa ń gbé ìṣáná lọ sọ́jà nítorí èyí. Mo kàn máa ń tọrọ àyè lọ́wọ́ ìyá aláṣọ kí n tó ṣáná, kò sì sí èyí tó tíì kọ̀ fún mi.

Èèpo àgbọn, ẹ fi í sílẹ̀: ó nà ju bó ṣe yẹ lọ, kò bá igi gbé ohunkóhun. Ìko dára fún wíwé ìdìmú.

Awọ ewúrẹ́ wà láàárín aṣọ àti iṣan. Awọ tútù tí wọ́n fá, tí wọ́n sá gbẹ, tí wọn kò fi oògùn kankan pa, ìyẹn irú èyí tí àwọn tó ń ṣe gángan ń lò. Awọ bàtà kò ṣe é, ó ti rọ̀ jù. Pọ̀nmọ́ náà kò ṣe é, nítorí iná àti omi gbígbóná ti pa okun inú rẹ̀. Ẹ rẹ awọ gbígbẹ sínú omi títí yóò fi rọ̀, ẹ lẹ̀ ẹ́, ẹ fi ọ̀já aṣọ wé e pinpin, ẹ jẹ́ kó gbẹ. Bó ṣe ń gbẹ ló ń sún mọ́ igi. Kò sí ohun tó ń di kókó igi mú bí rẹ̀. Ẹ kàn rántí pé eku àti aáyán ka awọ sí oúnjẹ.

Iṣan wá nìkan ni ó yẹ kí n dúró tì. Bó ṣe ń gbẹ ló ń sún kì, ó ń fa ọrun sẹ́yìn, débi pé ọrun tí a kò tíì kọ́ ọsán sí á ti tẹ̀ sí apá kejì. Ó ń nà púpọ̀, ó sì ń padà. Nítorí náà, ọrun kúkúrú ni iṣan tọ́ sí. Àwọn ará Tọ́kì fi í sí ẹ̀yìn, wọ́n fi ìwo sí ikùn, wọ́n fi igi tín-ín-rín sáàárín. Àwọn ará Kòríà ń ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ìwo ẹfọ̀n odò àti oparun. Ní California ní Amẹ́ríkà, Ishi, ọmọ ẹ̀yà Yahi, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ìbílẹ̀ ibẹ̀, tó jáde sí gbangba ní 1911, fi iṣan sí ẹ̀yìn ọrun igi juniper, ó sì kọ́ dókítà Saxton Pope bí wọ́n ṣe ń ṣe é kó tó kú ní 1916. Àwọn Inuit nínú òtútù àríwá kò tilẹ̀ lo gọ́ọ̀mù: wọ́n fi iṣan hun okùn, wọ́n dì í gbọọrọ mọ́ ẹ̀yìn igi tí òkun gbé wá sí èbúté, ọrun náà sì ṣiṣẹ́.

Ẹ wo ibi tí gbogbo wọn ti wá. Tọ́kì, California, òtútù àríwá: ibi tí afẹ́fẹ́ ti gbẹ tàbí tí òtútù ti gbé ọ̀rinrin mì. Àwọn ará Kòríà pàápàá máa ń tọ́jú ọrun oníwo wọn síbi tó móoru tó sì gbẹ nígbà òjò. Iṣan ń mu ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́, gọ́ọ̀mù awọ, èyí tí wọ́n ń sè láti ara awọ ẹran, náà ń mu ún, ní oṣù Okúdù ní Ìbàdàn tàbí ní Kútọnu ọrun oníṣan á rọ̀ bí ẹran tí a rẹ. Èrò tèmi ni pé ẹni tó bá ń gbé níbi tí ògiri ti ń làágùn kó fi iṣan sílẹ̀, kó lo fọ́nrán ewéko pẹ̀lú gọ́ọ̀mù tí omi kì í pa. Bí ẹ bá ti pinnu láti lò ó síbẹ̀, ẹ bá alápatà sọ̀rọ̀ ní odò ẹran kí ó tó fi iná wì bókótó, nítorí iná á ti sè é. Ẹ fa iṣan ẹ̀yìn ẹsẹ̀ yọ, ẹ sá a gbẹ níbi òjìji, ẹ fi òòlù igi lù ú títí yóò fi ya sí fọ́nrán funfun, ẹ fi omi ọṣẹ fọ ọ̀rá rẹ̀ kúrò. Lẹ́yìn tí ẹ bá tò ó tán, ẹ ní láti fún un ní oṣù mélòó kan kó tó gbẹ dé inú.

Gọ́ọ̀mù funfun ti káfíńtà dára fún ohun tó kàn ń dènà ẹ̀rún. Tó bá jẹ́ fọ́nrán tó ń gbé ẹrù, ó máa ń yọ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ọrun bá pẹ́ lórí ọsán, torí náà epoxy, gọ́ọ̀mù oníkẹ́míkà méjì tí a ń pò pọ̀, tàbí gọ́ọ̀mù awọ ló yẹ. Gọ́ọ̀mù awọ ò gbọ́dọ̀ hó. Bó bá ti kọjá nǹkan bí 60°C, agbára rẹ̀ ń lọ.

Ẹ fi ráàsìpù, fáìlì káfíńtà, ha ẹ̀yìn ọrun díẹ̀, ẹ nù ún mọ́, ẹ fi gọ́ọ̀mù ṣíṣàn kùn ún lẹ́ẹ̀kan, ẹ jẹ́ kó wọlé. Ẹ rẹ ìdì fọ́nrán sínú gọ́ọ̀mù, ẹ fà á gba àárín ìka méjì kí àpọ̀jù lè dà sílẹ̀, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ láti ìdìmú lọ sí ṣóńṣó. Bí ìdì kan bá parí, kí èkejì bẹ̀rẹ̀ síbòmíì, bí bíríkìlà ṣe ń to búlọ́ọ̀kù, kí oríkèé má bá oríkèé mu. Àwọn kan ń tẹ ọrun sẹ́yìn díẹ̀ kí wọ́n tó lẹ fọ́nrán mọ́ ọn, ó dára, ó ń jẹ́ kí fọ́nrán ti wà ní fífà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Lẹ́yìn tó bá gbẹ, ọrun yẹn kì í ṣe èyí tí ẹ gbẹ́ mọ́. Líle rẹ̀ ti yí padà, apá kan sì lè ti le ju èkejì lọ. Ẹ tún fá ikùn títí apá méjèèjì á fi tẹ̀ dọ́gba. Ẹ fà á díẹ̀díẹ̀, ìwọ̀n ìka méjì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ yí i padà lẹ́yìn gbogbo fífà marùn-ún kí ẹ fi èékánná gba ojú ikùn kọjá láti ṣóńṣó dé ṣóńṣó. Èékánná máa ń mọ ìlà kí ojú tó rí i. Bó bá ti kọ́ nǹkan, ẹ má fà á síwájú mọ́. Ẹ fá ibi tó wà lókè àti nísàlẹ̀ rẹ̀ kí títẹ̀ lè kúrò lórí rẹ̀, kí ẹ sì gbà pé ibi tí fífà ọrun yẹn mọ nìyẹn.